Irin gbígbé pẹ̀lú ínsúlínì: ṣúgà tó ń gòkè ní jíìmù, tó ń já lóru

Ará Under G
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ni, ínsúlínì aládàpọ̀ 30/70 ni mò ń gún, aago 7 àárọ̀ àti aago 7 alẹ́. Aago 5:30 ìrọ̀lẹ́ ni à ń gbé irin. Ṣúgà 140 mg/dL ni mò ń gbé wọ jíìmù, 210 ni mò ń gbé jáde, láì fẹnu kan nǹkan kan àfi omi. Ṣé kí n fi yúníìtì díẹ̀ kún ti alẹ́ ni? Ẹnìkan ní kí n kúkú má gún ti alẹ́ rárá lọ́jọ́ tí mo bá gbé irin. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Àbúrò, má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Irin tó wúwo kì í ṣe ẹgbẹ́ eré sísá. Ẹni tó bá ń rìn kánmọ́kánmọ́ láti Under G dé Takie níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fa ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń lọ ni, ṣúgà á sì máa rọra wálẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tó jẹ́ pé ìgbà 6 tàbí 8 lo lè gbé e kí apá tó kọ̀, adrenaline, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìnira tàbí ìjáyà, ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Adrenaline yìí ló ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó tú ṣúgà tó kó pamọ́ síta. Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ara rẹ̀ á tú ínsúlínì tirẹ̀ láti fi kápá rẹ̀, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ara tó jẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń gbé e ró ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 140 fi di 210. Kì í ṣe pé o ṣe ohun tí kò dáa.

210 yẹn á sábà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì. Òru ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Iṣan tó ti ná ṣúgà tó fi pamọ́ á máa fà á padà láti inú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó lè tó wákàtí 24, ínsúlínì kékeré á sì máa ṣe iṣẹ́ ńlá lára ní gbogbo àsìkò yẹn. Bí o bá wá torí 210 fi kún abẹ́rẹ́ alẹ́, ohun tó ti ń padà bọ̀ fúnra rẹ̀ lò ń lé, ojú oorun ni ṣúgà tó já yóò sì bá ọ.

Ti ẹni tó ní kí o fò ó ńkọ́? Ìyẹn léwu jù. Ẹni tó ní oríṣi kìíní, ara rẹ̀ ò ṣe ínsúlínì rárá, kò sì gbọdọ̀ wà láìní in lára. Láàárín wákàtí mélòó kan, ketone, èròjà kíkan tó ń jáde nígbà tí ara bá ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, èébì á dé, inú á máa run ún, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ń gbẹ̀mí.

Apòògùn Sábó
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò 30/70 náà síta, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gún un láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí o bá fa yúníìtì 20, 6 nínú rẹ̀ jẹ́ ínsúlínì tó ń yára, tó mọ́ gaara bí omi. Ìyẹn ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, ó ń le jù láàárín wákàtí 2 sí 4, ó ń tán ní wákàtí 6 sí 8. 14 yòókù jẹ́ NPH, èyí tó dà bí omi ẹ̀kọ nínú ìgò. Òun kì í yára, láàárín wákàtí 4 sí 12 ló ń le jù.

Abẹ́rẹ́ aago 7 àárọ̀ ti ń rẹ̀ nígbà tó bá fi di 5:30 ìrọ̀lẹ́, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ṣúgà lè gòkè lábẹ́ irin láìsí ohun tó ń dá a dúró. Abẹ́rẹ́ aago 7 alẹ́ ńkọ́? NPH inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le láti nǹkan bí aago 11 alẹ́ títí di ìdájí. Àsìkò yẹn gan-an ni iṣan tó gbé irin náà ń fa ṣúgà. Méjèèjì bọ́ sórí ara wọn. Ẹni tó bá tún fi yúníìtì 4 kún un nítorí 210, ó ti fi ẹ̀kẹta sí i.

Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń ṣe fún alẹ́ ọjọ́ irin ni kí wọ́n dín abẹ́rẹ́ náà kù ní ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Yúníìtì 20 á di 18 tàbí 16. Ẹ fi èyí lọ dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ń jí sí 250 lójoojúmọ́ kò rí bí ẹni tó ń jí sí 100. Kí ẹ sì jẹun alẹ́ náà o. 30/70 kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹ jẹun àti ọjọ́ tí ó rẹ̀ yín tí ẹ sùn.

Àléébù kan wà lára rẹ̀ tí ẹ ní láti mọ̀: bí ẹ bá dín aládàpọ̀ kù, apá méjèèjì lẹ dín kù. Ẹ ò lè dín ti òru kí ẹ fi ti oúnjẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ó yẹ kó bi dókítà bóyá òun lè ya ínsúlínì méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀kan fún ìpìlẹ̀, ọ̀kan fún oúnjẹ. Ó ń náni lówó ju aládàpọ̀ lọ, mi ò ní pa irọ́, ṣùgbọ́n ó ń fúnni láyè.

Kóòṣì Onírin
Tí ẹ bá dé jíìmù, ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe irin, mítà ni. Ẹ gún ìka kí ẹ tó wọ bàtà.

Bí ó bá wà lábẹ́ 90, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ mu ṣúgà tó ń yára, giramu 10 sí 20, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún gún ìka. Láàárín 90 sí 125, irin ṣeé bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí eré sísá bá wà nínú ètò yín, ẹ mu giramu 10 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. 126 sí 180 ló dára jù. Láti 181 dé 270, ẹ lè gbé e, ẹ kàn mọ̀ pé yóò tún gòkè sí i, ẹ má sì gún ínsúlínì kankan torí rẹ̀ kí ẹ tó gbé irin. Bó bá ju 270 lọ tí ẹ ò mọ ohun tó fà á, ẹ fi sítíríìpù wo ketone nínú ìtọ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí sí ti ketone díẹ̀ báyìí, irin ò kan yín lọ́jọ́ náà. Bó bá yí gan-an, tàbí tí èébì bá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni.

Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá já débi pé ẹlòmíì ló gbé e dìde, kò gbọ́dọ̀ gbé irin títí wákàtí 24 á fi kọjá.

Mítà míì ń fi nọ́ńbà kékeré hàn (mmol/L), bíi 7.8. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18, á di 140.

Ètò tí ẹ fi ń ṣe é náà ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan jáde láti Kánádà ní 2012 lórí àwọn tó ní oríṣi kìíní: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé irin kí wọ́n tó sáré, ṣúgà wọn ò já púpọ̀ lẹ́nu eré náà bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ sáré. Nítorí náà, bí ẹ bá wọlé pẹ̀lú 110, irin ni kó ṣáájú. Bí ẹ bá wọlé pẹ̀lú 220, ẹ kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kí ẹ sáré wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ tó bọ́ sábẹ́ irin.

Irin tó wúwo gan-an pẹ̀lú ìsinmi kúkurú ló ń gbé ṣúgà sókè jù. Àbúrò Under G, bí 210 bá ń dà ọ́ láàmú, dín ìwọ̀n irin náà kù títí wàá fi lè gbé e ní ìgbà 12 sí 15, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kí o sì sinmi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ láàárín wọn. Kí o sì rìn díẹ̀ ní ìparí, ìṣẹ́jú 10 tó. Èmi fara mọ́ èyí ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ọmọ Ajílété
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mínírà tútù kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ irin, ṣé kò ní tán gbogbo ọ̀rọ̀ yìí? Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ń ṣe.

Apòògùn Sábó
Rárá, àbúrò. Ìgò 50 cl mínírà aládùn lè ní ṣúgà tó tó giramu 50, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 140 tó mu gbogbo rẹ̀, tí irin tún fi tirẹ̀ kún un, 300 ló ń lọ. Ẹ fi mínírà sílẹ̀ fún ìgbà tí ṣúgà bá já. Ìgbà yẹn pàápàá, 150 ml ló tó, bí ìdajì ife. Kí ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ dáadáa: èyí tí wọ́n kọ "zero" tàbí "diet" sí lára, kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, kò lè gba ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já sílẹ̀.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ọjà Wazo
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, torí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmàlà ni yóò jẹ lẹ́yìn irin.

Ẹ má fojú wọn òkèlè. Omi tí a fi ro ó kì í dọ́gba, àmàlà líle àti àmàlà rírọ̀ ò rí bákan náà nínú abọ́. Èlùbọ́ gbígbẹ ni ẹ ó wọ̀n. Nínú giramu 100 èlùbọ́ gbígbẹ, nǹkan bí giramu 80 ló jẹ́ ohun tó ń di ṣúgà. Ẹ mú ife kan ṣoṣo tí ẹ ó máa lò, ẹ bu èlùbọ́ kún un, ẹ fi nǹkan gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sí ìdí ife. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ mọ ohun tí ẹ ń jẹ. Gààrí gbígbẹ náà ò jìnnà sí i, ó lé ní 80. Ìrẹsì sísè jẹ́ bíi 28 nínú giramu 100, iṣu sísè náà súnmọ́ ọn.

Gbẹ̀gìrì dára lórí rẹ̀, torí ẹ̀wà kì í tètè di ṣúgà. Ẹran àti ẹja náà dára, iṣan nílò wọn. Kí ẹ ṣì mọ̀ pé ẹran púpọ̀ tàbí ìyẹ̀fun púróténì tí àwọn onírin ń pò máa ń gbé ṣúgà sókè díẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 2 sí 3, nígbà tí ẹ ti gbàgbé rẹ̀.

Kí oúnjẹ ọ̀sán ti wọlé ní wákàtí 2 sí 3 kí ẹ tó lọ gbé irin.

Apòògùn Sábó
Ẹ ṣé, Ìyá wa. Mo fi ọ̀kan lé e fún àwọn tó ń gún ínsúlínì tó ń yára lọ́tọ̀ fún oúnjẹ: bí ẹ bá jẹun láàárín wákàtí méjì ṣáájú eré sísá tàbí bọ́ọ̀lù, ìdá 25 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́ oúnjẹ yẹn ni wọ́n sábà máa ń gé kúrò. Irin wúwo nìkan lè má nílò kí ẹ gé e rárá. Bí ṣúgà bá ṣì ga gan-an ní wákàtí méjì lẹ́yìn irin, ìdajì àtúnṣe tí ẹ máa ń gún ni kí ẹ lò, kì í sì í ṣe lásìkò tí ẹ fẹ́ sùn. Ẹ má fi 30/70 ṣe àtúnṣe láé.

Ọmọ Ajílété
Ibo ni ká gún un sí lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ṣe ẹsẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ikùn. Má gún itan lọ́jọ́ ìlóṣòó, má sì gún apá lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ lo apá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré lọ síbẹ̀ á gbé ínsúlínì yẹn lọ kíá, á sì ṣiṣẹ́ yára ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gún jinlẹ̀ wọnú iṣan ni tirẹ̀ ń burú jù. Ní ikùn náà, fi ìka méjì sún kúrò níbi tó o gún lánàá. Fọwọ́ pa ikùn wò: bí ibì kan bá le tàbí tó wú rọ̀bọ̀tọ̀, má gún ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan, torí ínsúlínì tó bá wọ ibẹ̀ kì í wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ọjà Wazo
Àsìkò máńgòrò rèé. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó gún ìka. Omi máńgòrò tó gbẹ sórí ìka lè sọ 110 di 250 lójú mítà, ẹni tó bá gún ínsúlínì lé e ti gún un lé orí máńgòrò.

Ará Under G
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bó bá wá já lóru ńkọ́, tàbí ní jíìmù? Ta ló máa mọ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo yín bi nìyẹn.

Lábẹ́ 70, ó ti já. Lábẹ́ 54, ewu ti dé. Ara á máa gbọ̀n, òógùn tútù, àyà á máa lù kìkì, ebi òjijì, ojú á máa ṣú, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu. Ìṣòro jíìmù ni pé òógùn àti àyà tó ń lù jẹ́ ohun tí irin náà ń fà. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá ṣàjèjì, ẹ gbé irin sílẹ̀, ẹ gún ìka. Bí mítà ò bá sí nítòsí, ẹ kà á sí pé ó já.

Ṣúgà giramu 15: ṣíbí ìmutíì 4 ṣúgà tó tẹ́jú, tí ẹ pò mọ́ omi díẹ̀, tàbí kóró ṣúgà 3 sí 4, tàbí ìdajì ife mínírà aládùn. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún gún ìka. Bó bá ṣì wà lábẹ́ 70, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi ṣokoléètì tàbí àkàrà ṣe é, ọ̀rá inú wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó bá ti gòkè, ẹ jẹ nǹkan gidi lé e, ègé búrẹ́dì méjì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan.

Ẹni méjì ní jíìmù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé o ń gún ínsúlínì, kí wọ́n sì mọ ibi tí ṣúgà rẹ wà nínú báàgì. Sọ fún wọn báyìí pé: bí mo bá dákú, ẹ má da nǹkan kan sí mi lẹ́nu, ì báà ṣe omi ṣúgà, ì báà ṣe epo pupa. Ẹ dà mí dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má gún mi ní ínsúlínì, ẹ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. LAUTECH tàbí Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, èyí tó bá súnmọ́ jù.

Ti òru: gún ìka kí o tó sùn. Bó bá wà lábẹ́ 126 lọ́jọ́ irin, jẹ oúnjẹ tó ní giramu 15 sí 20 ohun tó ń di ṣúgà, láìgún nǹkan kan lé e. Ní àwọn alẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí o bá yí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tàbí irin padà, fi fóònù jí ara rẹ ní aago 2 sí 3 kí o tún wò ó. Bí o bá ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tí aṣọ ibùsùn tutù fún òógùn, tí ṣúgà àárọ̀ sì ga láìnídìí, fura pé ó já lóru.

Má mu ọtí lé irin lórí, ẹmu ni o, bíà ni o. Ẹ̀dọ̀ tó ń bá ọtí jà kì í rí àyè ṣe ṣúgà jáde.

Kóòṣì Onírin
Ẹ má gbàgbé àwọn òbí wa tó ní oríṣi kejì tí wọ́n ń wá gbé irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Oògùn metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà. Ṣùgbọ́n Daonil àti glimepiride ń já a, ìkìlọ̀ tí Nọ́ọ̀sì ṣe kàn wọ́n bákan náà. Ẹni tó ń lo atenolol tàbí propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àyà rẹ̀ lè má lù, ara rẹ̀ lè má gbọ̀n nígbà tí ṣúgà bá já. Òógùn nìkan ló lè rí.

Kí wọ́n lọ yẹ ojú wọn wò ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó gbé ohun tó wúwo. Bí dókítà ojú bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tó ń hù nínú ẹyin ojú, irin wúwo léèwọ̀, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ojú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ di èémí bó bá ń ti irin sókè. Ẹ mí jáde bí irin bá ń lọ sókè, ẹ mí wọlé bó bá ń bọ̀. Kí ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, kì í ṣe sílípáàsì, kí ẹ sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálẹ́: ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri kì í sọ pé òun fara pa.

Apòògùn Sábó
Ọ̀rọ̀ iná àti ìpamọ́ ínsúlínì. Ínsúlínì tí ẹ ò tíì ṣí, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ló ń gbé. Kó má wọ ibi tó ń dì, torí èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́. Èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ò bá ju 25 sí 30 lọ, ẹ ka ìwé inú páálí. Yàrá onípáànù ní oṣù kẹta ń ju ìyẹn lọ dáadáa, báàgì jíìmù nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn sì burú ju yàrá náà lọ.

Bí iná ò bá sí, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ da yanrìn sí àárín méjèèjì, ẹ fi omi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀, kó wà níbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ fi ọ̀rá di ínsúlínì kí omi má kàn án. Kò ní tutù tó fíríìjì, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí tábìlì lọ. Lásìkò ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Lásìkò òjò, agbára rẹ̀ ń dínkù.

Kí ẹ tó fa 30/70, ẹ yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi funfun dọ́gba, ẹ má mì í jìgìjìgì. Bí kóró bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò tí kò tú, ẹ jù ú nù.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: bí ẹnì kan ní jíìmù tí kò ní àtọ̀gbẹ bá ní kí ẹ ta ínsúlínì fún òun kí igẹ̀ òun lè tóbi, ẹ má fún un. Ó lè sùn kó má jí mọ́.

Ará Under G
Bí mo bá wá sún irin sí àárọ̀ kùtù ńkọ́, aago 6, kí n tó gún, kí n tó jẹun?

Kóòṣì Onírin
Ó lè gòkè ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ, torí ínsúlínì ara kéré lásìkò yẹn, ẹ̀dọ̀ sì ti ń tú ṣúgà láti ìdájí. Ṣùgbọ́n òru tó tẹ̀ lé e á fúyẹ́, wákàtí púpọ̀ ti kọjá kó tó di pé o sùn. Bí ketone ò bá sí, tí ṣúgà ìjí rẹ wà láàárín 100 sí 180, gbé e títí di 6:45, gún ìka, gún abẹ́rẹ́ 7 rẹ, kí o sì jẹun lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí. Kọ nọ́ńbà ìjí, ti ẹ̀yìn irin, ti aago 10 àti ti ìgbà tó o fẹ́ sùn sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o gbé e lọ sí kílíníkì.